Ibi Tí Ọkọ̀ Akẹ́rù Yóò Dúró Sí

"Àbúrò, ibo lo ní kí n gbé ọkọ̀ sí?"

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n tó wa ọkọ̀ akẹ́rù wa bi mí nìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kó lọ sí fúláàtì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mi ò sì rí èsì fún wọn. Mo ti di ẹrù sínú páálí, mo ti san owó ọkọ̀, mo sì ti gba kọ́kọ́rọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Òpópónà kejì ni wọ́n ti ráyè. Nígbà tí mo gbé odó tí ìyá mi fún mi láti ibẹ̀, mo ka ìṣísẹ̀ mi: 160 ni kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, àjà kẹta sì ni ilé wa, láìsí lífíìtì. Nígbà tó rẹ gbogbo wa, mo ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá síwájú ilé, sórí ìlà yẹ́lò méjì, bẹ́ẹ̀ ni owó ìtanràn ṣe dé bá wa. Mo san án láàárín ọjọ́ 14, kí n lè san ìdajì.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fara balẹ̀ kọ́ òfin ọ̀hún. Ìlà yẹ́lò tó gùn lẹ́bàá títì kì í sábà dí ẹni tó ń já ẹrù lọ́wọ́, bí iṣẹ́ kò bá ti dáwọ́ dúró, tí àkókò tí àdúgbò náà fàyè gbà kò sì tíì kọjá. Àwọn ìlà yẹ́lò kéékèèké tí wọ́n fà sára òkúta etí títì ló yẹ kí a wò: bó bá jẹ́ méjì méjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ẹrù níbẹ̀ nígbàkigbà, bó bá jẹ́ ẹyọ kan, àkókò tí a kọ sórí pátákó ni kò gbọdọ̀ já a. Méjì méjì ló wà níwájú ilé wa. Ní ti ìlà pupa, a kì í dúró níbẹ̀ àfi inú àmì tí a yà sọ́tọ̀.

Nígbà tí a tún fẹ́ kó, ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí ni mo kọ́kọ́ wá, kí n tó wá ọkọ̀, ohun tí mo sì ń rọ gbogbo ẹni tó ń kó lọ sí ìgboro láti ṣe nìyẹn. Mo lọ dúró sí òpópónà ilé tuntun náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, nítorí ọjọ́ Sátidé ni a máa kó. Mo wọn ilẹ̀. Ọkọ̀ Luton, irú ọkọ̀ akẹ́rù tí a fẹ́ lò, gùn ju mítà mẹ́fà lọ, irin tó ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì nílò àyè tirẹ̀, nítorí náà àyè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kò lè tó o. Àyè méjì ni mo bẹ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, pé kí wọ́n tì pa fún wa kí ọkọ̀ mìíràn má bàa dúró síbẹ̀, mo sì fi ìwé ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Iye owó àti iye ọjọ́ tí káńsù kọ̀ọ̀kan ń béèrè kò dọ́gba. Mo tún bi ẹ̀gbọ́n léèrè bóyá ọkọ̀ wọn bá òfin tó ń dín èéfín ọkọ̀ kù mu, torí pé láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ni òfin náà ti kárí, £12.50 lójúmọ́ sì ni ọkọ̀ tí kò bá a mu ń san.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, mo lọ wo pátákó yẹ́lò tí wọ́n so mọ́ òpó: ọjọ́ pé, wákàtí pé. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan wà ní àárín àyè wa. Mo ti ń wá nọ́ńbà káńsù lára pátákó nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé ṣí fèrèsé, tí wọ́n sì ní àwọn mọ ẹni tó ni ín. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn lára, ó tọrọ àforíjì, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn wọlé, wọ́n sọ irin kalẹ̀, odó ìyá mi ni mo sì kọ́kọ́ gbé. Ìṣísẹ̀ 14 péré ni. Agogo méjìlá ọ̀sán kò tíì lù tí ọkọ̀ fi ṣófo.