Súyà ni mo ní, kì í ṣe súgà

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ẹnu tiwa kì í bá ṣ ṣeré: ṣíbí a di síbí, ṣọ́ọ̀ṣì a di sọ́ọ̀sì, ṣúgà a sì di súgà. Láti ilé-ìwé ni àwọn ọmọ Abẹ́òkúta ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nítorí ẹ̀, mi ò sì kọbi ara sí i. Mi ò mọ̀ pé ó máa tẹ̀ lé mi dé St. Louis ní Amẹ́ríkà, kó wá dójú tì mí níwájú àlejò lálẹ́ Monday, ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, ọdún 2011.

Bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá wò nílé mi, béésìbọ́ọ̀lù ni o, kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. World Series, ìyẹn àṣekágbá ọdún, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ń gbà, ti dé ìdíje karùn-ún. Cardinals tiwa ti borí lẹ́ẹ̀mejì, Texas Rangers náà ti borí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ̀ wọn ní Arlington ni wọ́n sì ti ń gbá ti alẹ́ ọjọ́ náà. Àwa mẹ́fà la kóra jọ sí pálọ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ti gbé Boston pẹ́ kó tó kó wá sọ́dọ̀ wa, dókítà sì ti kìlọ̀ ṣúgà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Wọn ò tíì ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, lórí bullpen náà ni. Ìníǹgì mẹ́sàn-án, ìyẹn abala mẹ́sàn-án, ni ìdíje kan máa ń ní tí kò bá sí ọ̀mì, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kì í sábà ju bọ́ọ̀lù dópin. Tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, wọ́n á pe ẹlòmíì wá láti ọgbà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ máa ń jókòó sí. Ọgbà yẹn ni bullpen. Tiwa lọ́dún yẹn ń jò bí ajere. Ryan Franklin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe closer, ìyẹn ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn nígbà tá a bá ti wà níwájú. Nínú ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣílẹ̀kùn fún olè. Kí oṣù Keje tó wọlé, wọ́n ti ní kó máa lọ. Fernando Salas bọ́ sí i, ó gbìyànjú, títí Jason Motte, tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń sọ̀kò sí ejò, fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí sáà fẹ́ parí.

Ohun tó ń dun Ẹ̀gbọ́n ni pàṣípààrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù Keje. A fa Colby Rasmus, ọmọ ọdún 24 tó ń ṣọ́ àárín pápá, lé Toronto lọ́wọ́, pẹ̀lú ajubọ́ọ̀lù mẹ́ta. Toronto fún wa ní Edwin Jackson, Octavio Dotel, Marc Rzepczynski àti Corey Patterson.

"Ẹ ta màlúù, ẹ fowó ẹ̀ ra ìrù," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Dotel! Ẹni ọdún 37!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbàgbé Franklin lóṣù Kẹrin ni? Tí ìníǹgì kẹsàn-án bá ti dé, ìyàwó mi á pa tẹlifíṣọ̀n nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi."

"Èmi lo fẹ́ kọ́ ní bullpen? Boston ni mo wà lọ́dún 1990. Wọ́n ní bullpen wa ò dáa, wọ́n sáré lọ gba Larry Andersen ní Houston. Ìníǹgì 22 péré ló jù fún wa nínú sáà yẹn, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n fi gbà á ńkọ́? Jeff Bagwell! Home run 449 ló gbá, Houston ló gbá gbogbo ẹ̀ fún!"

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ìdajì o. Lọ́dún 1997 tí bullpen Seattle ń jò, ta ló ta Heathcliff Slocumb fún wọn? Boston yín náà ni. Derek Lowe àti Jason Varitek ni wọ́n gbà padà. Ta ló wá fi wọ́n gba World Series lọ́dún 2004?"

Ẹ̀gbọ́n mú fìlà ẹ̀, ó tún un dé. Ó ní ṣé kò sí nǹkan jíjẹ nílé yìí ni.

Tẹ́ ẹ bá bi èmi, àwọn méjèèjì ló jàre. Ẹni tó ń wá ajubọ́ọ̀lù nínú oṣù Keje dà bí ẹni tó ń sáré ra ata nígbà tí epo ti wà lórí iná: ọlọ́jà ti ń gbọ́ òórùn epo náà lára ẹ̀, iye tó bá wù ú ló máa pè. Ọjà ọ̀hún gan-an sì ṣòroó mọ̀. Ẹni tó ń ti bullpen wá lè má ju 60 ìníǹgì lọ lọ́dún kan. Tí wọ́n bá na irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ayò 5 lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ fi 9 sọ 5 di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 60 pín in: alẹ́ kan yẹn nìkan ti fi 0.75 kún ERA ẹ̀, ìyẹn iye ayò tí wọ́n ń nà án ní ìníǹgì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹ̀ ló ti kú tàbí oorun ni ò sùn dáadáa?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. Àbúrò ìyàwó mi ti wà níta, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa. Mo pè é ní ìníǹgì kẹfà pé kó ra mọ́ínmọ́ín mẹ́jọ àti súyà. Bí mo ṣe ń la ẹnu láti pe súyà ni Adrian Beltre fi igi na bọ́ọ̀lù Chris Carpenter. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan bí ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ, bọ́ọ̀lù sì fò kọjá ògiri, ohun tí wọ́n ń pè ní home run nìyẹn. Méjì sí méjì. Gbogbo pálọ̀ figbe ta. Mọ́ínmọ́ín ni àna mi gbọ́. Ó ní, "Ó dáa, Bùọ̀dá," ó pa fóònù.

Ní ìníǹgì keje, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo tún pè é.

"Ṣé o ti ra súyà?"

"Kí ni, Bùọ̀dá? Ariwo yẹn pọ̀ jù."

"Súyà! Sú-yà!"

"Súgà?"

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

"Mélòó, sà?"

"Páùn mẹ́rin." Èèyàn mẹ́jọ la jẹ́ nínú ilé, ìdajì páùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣirò mi pé.

"Ó ti tán nìyẹn, Bùọ̀dá. Wọ́n ti dì í sílẹ̀ ní páùn mẹ́rin-mẹ́rin."

Orí mi wú. Mo sọ fún àwọn àlejò pé ẹ wò ó, àwọn mọ́là ti ń di súyà sínú páálí ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó rántí pé páùn mẹ́rin gan-an ni wọ́n ń di ṣúgà sí nílùú yìí.

Ìníǹgì kẹjọ dé. Dotel ló bọ́ sórí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró sí. Michael Young gbá a, ó dé béèsì kejì; mẹ́ta lèèyàn máa kọjá kó tó wọlé gba ayò. Dotel fi sítíráìkì mẹ́ta, ìyẹn bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí kò rí gbá, lé Beltre padà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí Nelson Cruz rìn lọ sí béèsì àkọ́kọ́. Tony La Russa, mánéjà wa, wá jáde, ó fọwọ́ kan apá òsì ẹ̀. Ìyẹn ni àmì pé ọlọ́wọ́ òsì ló ń fẹ́, Rzepczynski nìyẹn, nítorí David Murphy tó kàn fi ọwọ́ òsì gbá. Murphy gbá bọ́ọ̀lù, ó ba Rzepczynski fúnra ẹ̀ lára, ó ta dànù. Béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún.

"Ìrù màlúù!" Ẹ̀gbọ́n ti dìde, ó ń jó. "Ẹ wo ìrù méjì léra wọn!"

Mike Napoli ló kàn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbá, ó sì ti gbá home run 30 lọ́dún yẹn. Bọ́ọ̀lù tí ọlọ́wọ́ òsì bá jù máa ń ká wọlé bọ̀ wá bá irú wọn, wọ́n á ti rí i láti òkèèrè. Ọmọdé tó bá ti ń wo Cardinals fún oṣù mẹ́ta ti mọ̀ pé Motte, ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ló kàn. Gbogbo wa ń retí kí La Russa jáde. La Russa ò jáde.

Kò lè jáde. Èèyàn kì í kàn pe ajubọ́ọ̀lù bí ẹni pe ọmọ nínú yàrá. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná: wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni á kọ́kọ́ máa jù ú, ẹni tó ń hán an á dúró, lẹ́yìn náà ló máa lóṣòó, bọ́ọ̀lù bíi 15 sí 25 kí apá tó là. Tó bá dé orí òkìtì, mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gbà á láyè nígbà yẹn láti jù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí apá ẹ̀ tutù, tó wá fi mẹ́jọ yẹn dákú dájí, ilé oníṣègùn ló ń lọ. Motte sì rèé, ó jókòó jẹ́jẹ́ nínú bullpen, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un.

Napoli fi bọ́ọ̀lù náà sáàárín àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Méjì wọlé. Mẹ́rin sí méjì.

Mo bọ́ sórí àga. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ò jẹ́ kí n gbàgbé ẹ̀ títí dòní: "Kí ni mánéjà yìí ń gbowó fún? Iṣẹ́ tí ò ju kéèyàn gbé fóònù, kó dárúkọ ohun kan ṣoṣo!"

Rzepczynski lé Mitch Moreland padà. La Russa wá jáde, ó fọwọ́ kan apá ọ̀tún. Ilẹ̀kùn bullpen ṣí, ẹni tó jáde ni Lance Lynn. Lynn tí wọ́n ti ní kó sinmi lọ́jọ́ náà! La Russa dúró lórí òkìtì, ó ń wò ó bí ẹni rí àna lójú àlá.

Ilẹ̀kùn tèmi náà ṣí. Àbúrò ìyàwó mi wọlé, mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣúgà funfun páùn mẹ́rin lọ́wọ́ òsì.

"Kí nìyí?"

"Súgà, Bùọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ pè é fún mi."

Ó gbé e sórí tábìlì, iwájú Ẹ̀gbọ́n gan-an ló bọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n wo ṣúgà, ó wò mí. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Lynn ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Ian Kinsler kó lè rìn lọ sí béèsì. Nígbà yẹn, dandan ni kí wọ́n ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọdún 2017 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i kí mánéjà kàn juwọ́. Lẹ́yìn mẹ́rin yẹn, wọ́n ní kó máa lọ. Motte, tó ti wá gbóná wàyí, jáde, ó sì lé Elvis Andrus padà bí ẹni lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ẹran ti bọ́ sọ́wọ́ ajá. Iye tó wà lójú pátákó náà la bá relé.

A ò tíì tú ká nígbà tí La Russa jókòó síwájú àwọn oníròyìn. Ó ní fóònù ni. Òun pè bullpen pé kí Rzepczynski àti Motte máa gbóná. Ariwo èrò pọ̀, Derek Lilliquist tó gbé fóònù lọ́hùn-ún gbọ́ Rzepczynski nìkan. Òun tún pè, òun ní Motte. Lilliquist gbọ́ Lynn.

Pálọ̀ dákẹ́ lọ gbári. Mo rí i tí orí ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ara tẹlifíṣọ̀n sára mi, láti ara mi sára ṣúgà.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra bèèrè, tòótọ́tòótọ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀: "La Russa yìí, ṣé ọmọ Ìbàdàn ni?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín mi lọ́jọ́ náà, aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn. Mo gbìyànjú àtiwí àwíjàre. Mo ní Motte àti Lynn ò jọra níbì kankan, súyà àti súgà sì rèé, lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, nítorí náà ẹjọ́ tèmi fúyẹ́ ju ti La Russa lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìyàwó mi ti bu gàrí sínú abọ́, ó da omi tútù sí i, ó já ṣúgà náà, ó bu ṣíbí mẹ́rin sí i fún àwọn tí dókítà ò tíì kìlọ̀ fún. Ó di ìyókù lẹ́nu, ó gbé e wọlé. Mẹ́rin bíi ti Lynn ni. Ẹ̀gbọ́n fi mọ́ínmọ́ín mẹ́ta gbẹ̀san.

Lọ́jọ́ Thursday, ìdíje kẹfà, St. Louis ni wọ́n ti gbá a. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: S-U-Y-A. Súyà dé, ó gbóná, àlùbọ́sà ń bẹ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ò tọ́ ọ wò. Ní ìníǹgì kẹsàn-án, nígbà tí Rangers fi méjì ṣíwájú, ó ní bullpen ti bà á lọ́kàn jẹ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó lọ. Wọ́n ti lé agbábọ́ọ̀lù wa méjì padà, sítíráìkì méjì ti wà lára David Freese tiwa, ẹyọ sítíráìkì kan ló kù kí ọdún wa parí. Freese na bọ́ọ̀lù kọjá orí Nelson Cruz, méjì wọlé, ọ̀rọ̀ bá tún dọ̀tun. Ní ìníǹgì kọkànlá, òun kan náà gbá home run tó fi di mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án.

Mo sáré pe Ẹ̀gbọ́n. Ilé mi ń hó, ojú títì ń hó lẹ́yìn ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Freese! Freese ni!"

"Má gbé e sí fírísà o," ó ní. "Mo ti ń yípadà bọ̀, gbígbóná ni mo fẹ́ jẹ ẹ́."