Kẹ̀kẹ́ lórí mọ́tò, Houston sí Dallas

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò, SeaSucker, ohun tí wọ́n fi ń de kẹ̀kẹ́ mọ́ mọ́tò, ni mo ń lò lórí òrùlé mọ́tò mi o, Houston sí Dallas tó bíi máìlì 240, kò mì rárá! Ẹ ò ní lu ihò kankan, rọ́bà ẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́ mọ́tò tẹ́ ẹ bá ti fi pọ́ńpù kékeré ara ẹ̀ fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ẹ̀ jáde tán, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ nu ojú ibẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ sì fomi díẹ̀ sí i, torí eruku ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà aláwọ̀ ọsàn lára pọ́ńpù yẹn, afẹ́fẹ́ ti ń wọlé nìyẹn, ẹ tún un fà kíákíá. Gbogbo ibi tí mo bá ti dúró ra epo ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Táyà iwájú kẹ̀kẹ́ tí mo yọ, inú bóòtù ló ń gbé.