Ta ló láṣẹ lórí omi? Ìbéèrè tó ṣáájú oko ọ́sítà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ẹja, wọ́n á kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa wọn iyọ̀ inú omi, àti bí ẹ ó ṣe so ìkarahun mọ́ okùn kí ọmọ ọ́sítà, ẹran omi oníkarahun, lè ríbi lẹ̀ mọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó láṣẹ lórí omi.

Ẹ wo àwọn obìnrin Gámbíà. Ní àbàtà Tanbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Banjul, olú ìlú wọn, àwọn ló ń tu ọkọ̀ wọ ẹ̀ka odò lọ kó ọ́sítà lára gbòǹgbò mangrove, igi tó ń hù nínú omi oníyọ̀ létí òkun. Àwọn ìyá ẹ̀yà Jola ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ẹnikẹ́ni lè wọ àbàtà náà, ta ni yóò ní sùúrù? Èyí tí o bá fi sílẹ̀ lónìí kó lè dàgbà, ẹlòmíràn á kó o lọ́la. Ni wọ́n bá ń kó kékeré, àwọn kan sì ń gé gbòǹgbò mọ́ ọn. Bí gbòǹgbò bá ti lọ, ibùgbé ọ́sítà ọdún tó ń bọ̀ lọ nìyẹn.

Ní 2007, Fatou Janha Mboob kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ TRY. Wọ́n fẹnu kò pé lọ́dọọdún, bí àwọn bá ti ti odò, àwọn ò ní kó ọ́sítà títí oṣù kẹta ọdún fi máa wọlé. Wọ́n ń yọ ọ́ láìgé gbòǹgbò, wọ́n sì ń gbin mangrove. Ní 2012, ìjọba fún wọn láṣẹ pé àwọn nìkan ni kó máa kó o ní Tanbi. Lójú tèmi, àṣẹ yẹn wúlò ju irinṣẹ́ yòówù tí à bá kó lọ fún wọn.

Àmọ́ ẹnu kì í ṣíwọ́ jíjẹ nígbà tí a bá ti odò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú. TRY ń yá wọn lówó, ó sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ mìíràn, kí owó ilé ìwé ọmọ má baà lé wọn padà sínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kọ ètò, ohun tí wọn yóò jẹ láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni kẹ́ ẹ kọ sójú ìwé àkọ́kọ́.

Irú ọ́sítà kan náà, Crassostrea tulipa, wà ní ọ̀sà Èkó. Ó máa ń sẹ́ omi bí ẹni ń sẹ́ ògì kó tó rí oúnjẹ rẹ̀, ìdọ̀tí tí a bá dà sómi á sì wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì jókòó ti àwọn àgbà etí ọ̀sà, kí wọ́n sọ àwọn tó ń fi ojú omi yẹn jẹun fún yín.