Ilẹ̀ tó di ògì lẹ́sẹ̀ wa

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, èmi àti Bàbá, ìyẹn àbúrò bàbá mi, dúró lórí ilẹ̀ kan létí ìlú ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ilẹ̀ náà tẹ́jú bí ẹní. Ọyẹ́ ti sọ koríko gbogbo ìlú di pupa, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀fọ́ ẹnì kan sì ń dàgbà ní igun kan. Bàbá ní owó rẹ̀ ò wọ́n, ó sún mọ́ títì, àwọn tó ń tà á ò sì bá ara wọn jà lórí rẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Bíríkìlà tó tẹ̀ lé wa ti ń fi ẹsẹ̀ wọn pálọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: “Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ yìí, ibo lẹ ó ti bá omi?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kò ju orúnkún lọ, ọ̀gá. Kànga ọ̀fẹ́ lẹ rí yẹn.”

Mo ní mi ò rà á. Bàbá wò mí bí ẹni tó fẹ́ bèèrè irú oúnjẹ tí wọ́n ń fún mi jẹ lókè òkun.

Christchurch ni mò ń gbé, ní Níú Sílándì. Ìlú ńlá ni, àmọ́ àbàtà àti ẹrẹ̀ odò ni apá púpọ̀ nínú rẹ̀ jókòó lé. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra ilé, ìlà-oòrùn ìlú la lọ, létí odò Avon, torí ibẹ̀ ni owó wa ká. Ilé pákó ni, kò ga, pẹ́pẹ́yẹ sì ń wẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún wa. Àwa la ò bèèrè ohun tó wà lábẹ́ ilé. Nílé níbí náà, ta ló ń bèèrè? Ẹni tó ni ilẹ̀ là ń bèèrè, ìwé rẹ̀ là ń bèèrè.

Ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 ni ilẹ̀ kọ́kọ́ mì jí wa. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.1. Orí ibùsùn lọ́pọ̀ èèyàn wà, nítorí náà àwọn ògiri tó wó sí ìgboro kò rẹ́ni pa. Yanrìn díẹ̀ yọ nínú ọgbà wa, a gbá a, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A rò pé ó parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Kejì ọdún 2011, aago kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó tún dé. Nílé, aago kan òru ló fẹ́ lù yẹn. Ìyá mi ń sùn ní Ìsánlú. Ìwọ̀n ti èyí jẹ́ 6.3, ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò jìn nísàlẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ abẹ́ ìlú gan-an ló ti ṣẹ̀. Èèyàn 185 ló kú. Inú ilé kan ṣoṣo, ilé alájà tí wọ́n ń pè ní CTV, ni 115 nínú wọn wà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba sọ lẹ́yìn náà pé àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ kò kúnjú ìwọ̀n. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Mo mọ ẹnì kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀.

Apá ìwọ̀-oòrùn ni ibi iṣẹ́ mi wà, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ilẹ̀. Ẹrù já láti orí pẹpẹ, iná lọ, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Mo wọ mọ́tò, mo kọrí sílé. Bí mo ṣe ń súnmọ́ odò ni títì ń yí padà: ó kọ́kọ́ ń wú, ó wá ń ya, lẹ́yìn náà ó di omi eérú. Mo dé orí afárá tí mo máa ń gbà lójoojúmọ́, mo bá a tó dúró ganboro. Títì tó wọ̀ ọ́ ló rì, tó fi di àtẹ̀gùn kan tí mọ́tò ò lè gùn. Bèbè odò lọ́tùn-ún lósì ti yọ̀ sínú odò, wọ́n sì há afárá mọ́ àárín bí ẹni ń fún ọsàn. Láti oṣù Kẹsàn-án ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Medway Street ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù. Mo fi mọ́tò sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn.

Ìyàwó mi dúró lórí tábìlì nínú ọgbà, ó gbé ọmọ pọ̀n. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ilẹ̀ ń bì.” Òótọ́ ló sọ. Láti inú ihò kéékèèké ni yanrìn àti omi ń tú jáde gùdù-gùdù, àwọ̀ eérú, pẹ̀lú òórùn ṣáláńgá, torí páìpù ìdọ̀tí ti já nísàlẹ̀. Mọ́tò aládùúgbò wa ti rì dé àárín táyà. Àwọn kòtò kọnkéré tí páìpù ń gbà kọjá sì léfòó sókè láàárín títì bí igbá.

Liquefaction ni wọ́n ń pè é, ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ibẹ̀ mọ orúkọ náà. Ẹ wo ògì tó ti sílẹ̀ nínú ìkòkò. Ó dì mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má mì. Ẹ wá gbo ìkòkò náà. Bẹ́ẹ̀ ni yanrìn tó rọ̀ tómi sì kún inú rẹ̀: hóró gbé hóró, ẹrù ilé wà lórí wọn. Tí ilẹ̀ bá mì, hóró fẹ́ súnmọ́ra, omi àárín wọn ò sì tètè ríbi gbà, òun ló wá ń ru ẹrù. Omi ò lè ru ilé. Ohun tó wúwo á rì, ohun tó ṣófo á léfòó. Ní Niigata ní Jàpáàn, lọ́dún 1964, odindi ilé alájà ló dùbúlẹ̀ báyìí, ara ògiri wọn ò sì fọ́.

Ilé tiwa náà ò fọ́. Fèrèsé kan ò já. Àmọ́ tí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ilé ìdáná, á yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé yàrá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ṣọ́bìrì àti bárò kó yanrìn. Gbogbo ìlú, ó lé ní 400,000 tọ́ọ̀nù. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí inú mi dùn nìyẹn, torí èmi nìkan ní àdúgbò ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá. Mo bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ń wò mí. Mo gbẹ́ ẹ dé orúnkún, omi yọ.

Ní oṣù Kẹfà ìjọba fi ọ̀dà pupa yí àdúgbò wa ká lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ra nǹkan bí 8,000 ilé, wọ́n wó wọn. Koríko ló wà níbẹ̀ báyìí, àti igi eléso tí àwọn onílé gbìn.

Mo ro gbogbo èyí fún Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ilẹ̀ wo ló ń mì ní Kogí?” Mo ní ó mì ní Mpape ní Àbújá ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984. Ó ní, “Ilé mélòó ló wó?” Mi ò lè parọ́. Mo wọ ilé ìdáná, mo gbé ìkòkò ògì ìyàwó rẹ̀ jáde, mo gbo ó níwájú rẹ̀. Ó wò ó dáadáa.

“Mo rí i,” ló ní. “Ta ló fẹ́ gbo Ìsánlú?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú mi. Ìbẹ̀rù tèmi ju ewu tó wà níbẹ̀ lọ, mo mọ̀. Nígbà tí à ń bọ̀ láti Àbújá, tí mọ́tò wa gun afárá Jámátà lórí odò Ọya, ọwọ́ mi ti di ilẹ̀kùn mú, awakọ̀ ń bi mí bóyá òòyì ń kọ́ mi. Ṣùgbọ́n àkùrọ̀ ò nílò kí ilẹ̀ mì kó tó la ògiri. Omi nìkan tó o, àwọn ará Lọ́kọ́ja tí ilé wọn wọ omi ní 2012 àti 2022 lè sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ òkè la rà nígbẹ̀yìn, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkùrọ̀. Bíríkìlà ń kùn, torí díígà ò wọ ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí wọn ì bá gbẹ́ ní ọjọ́ kan. Bàbá fowó ara rẹ̀ ra àkùrọ̀ náà, ó ní òun á gbin ìrẹsì sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré, mo gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Àpáta kan wà lókè wa, ó tóbi ju ilé lọ, ó dúró lórí etí. Ní Christchurch, lórí àwọn òkè Port Hills, irú wọn já wọ inú yàrá àwọn èèyàn ní 2011. Mo fi han bíríkìlà. Ó ní, “Ọ̀gá, òkúta yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, mo fi ẹsẹ̀ wọn ún láti ìdí àpáta dé ìpìlẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.