Ẹ̀kọ́ tí fáàfù kọ́ mi: ẹ má jẹ́ kí áńpù yín bá prí-áńpù yín tàn lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn àwo orin bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ó ṣì ń dùn mí wọra bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Wúfà sìpíkà mi kan, ìyẹn pépà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, jóná lójú mi kòrókòró. Kì í ṣe pé a yí fólúùmù kọjá bó ṣe yẹ, kì í ṣe pé àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án, NÉPÀ àti prí-áńpù onífáàfù ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Prí-áńpù ni ẹ̀rọ tó ń gba orin kó tó dé ọ̀dọ̀ áńpù tó ń gbé sìpíkà, fáàfù sì ni gíláàsì tó máa ń pọ́n nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lo fáàfù nílùú tí iná kì í dúró yìí, tí ò bá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, bó pẹ́ bó yá ó máa kan òun náà.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á ti ní tọ́ńtébù, á ti ní CD, á ti ní áńpù transistor tó lágbára, èyí tí kò lo fáàfù, àti sìpíkà ńlá méjì, gbogbo ẹ̀ á máa ké dáadáa ṣùgbọ́n ohùn á kàn gbẹ. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn á ní kó lọ wá prí-áńpù onífáàfù sáàárín kí ohùn lè rọ̀. Òótọ́ ni o, mi ò ní purọ́ mọ́ fáàfù. Àwọn àwo àpàlà àti sákárà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fẹ́ fi máa gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ìgbà tí fáàfù ṣì wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, torí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1947 ni wọ́n ti ṣe transistor ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà, ó pẹ́ kó tó gbapò fáàfù. Fáàfù máa ń fi nǹkan kún orin lóòótọ́, ohùn kékeré kan ló máa ń gbé lé orí ohùn tó bá wọlé, èyí tó ga jù ú lọ ní ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó ha etí, etí á kàn máa sọ pé orin ti sanra sí i.

Nígbà tí mo fẹ́ rà á, mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn ṣe, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, torí àwọn kan ti ń sọ fún mi pé bóyá mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Tòkunbọ̀ ni, láti ìlú ọba, mo yàgò fún ti Amẹ́ríkà torí fólítì 120 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, 230 sì ni tiwa. Mo ní kí wọ́n ṣí i, mo wo fáàfù ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì nínú irú tí wọ́n ń pè ní 12AX7, méjì nínú irú tí wọ́n ń pè ní 12AU7. Mo wo ibi tó máa ń dán lókè inú gíláàsì yẹn, torí tí ibẹ̀ bá ti di funfun, afẹ́fẹ́ ti wọ inú fáàfù nìyẹn, ó ti kú. Gbogbo wọn ń dán. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ Telefunken, orúkọ ilé iṣẹ́ Jámánì kan, sí lára, mo dojú ẹ̀ dé, mo wá àmì dáyámọ́ǹdì tó máa ń wà lára gíláàsì láàárín àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀, kò sí níbẹ̀, mo sọ fún ọkùnrin tó ń tà á pé ayédèrú lèyí, ó sì yọ nínú owó. Mo wá bi í pé áńpù transistor ni mo ní nílé o, ṣé kò sí nǹkan tí mo ní láti ṣọ́ra fún? Ó ní, "Ọ̀gá mi, bíi prí-áńpù yòókù náà ni, ẹ kàn lọ tàn án kẹ́ ẹ máa gbádùn." Ohun tó sọ nìyẹn. Mi ò lè gbàgbé.

Mo sì gbádùn ẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé ariwo "ṣàà" lásán ni mo ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń gbá ara igbá. Mo ń gbọ́ ìgbà tí olórin bá fa èémí kó tó gbé orin. Àwọn àlejò tó ń wá sílé ò mọ̀ pé mo yí nǹkan kan padà, wọ́n kàn ń jókòó pẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan báyìí ni. Àdúgbò wa kì í ṣe Band A, iná ń wá, iná ń lọ, ó ti mọ́ wa lára. Mo jókòó síwájú sìpíkà, mi ò lọ síbì kankan, àwo ń lọ, fólúùmù ò tiẹ̀ dé ìdajì. Iná lọ. Kò tó ìgbà téèyàn á fi ka márùn-ún, ó dé. Ó tún lọ. Ó wá dé lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú agbára, gílóòbù pálọ̀ funfun kọjá bó ṣe máa ń rí, mo sì gbọ́ "gbòóù" kan tí mo rò pé transfọ́mà àdúgbò ló bú. Sìpíkà mi ni. Mo rí wúfà ọwọ́ òsì tó yọrí síta, ó yọrí débi pé rọ́bà etí ẹ̀ nà tán, kò sì padà sáàyè ẹ̀, ó dúró síbẹ̀ gbọnrangandan bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ tì í látinú, mo dìde lórí àga, mo dé ìdí ẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló rọra wọlé padà. Àwo ṣì ń yí. Fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú ilé wọn, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Òórùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òórùn wáyà tó jóná tòun ti gọ́ọ̀mù, ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn rí ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fóun. Ìyàwó mi pariwo láti kíṣìnì, "Dádì, kí ló ń jóná?" Mi ò lè dá a lóhùn. Mo fi ìka mẹ́rin rọra ti pépà wúfà yẹn wọlé, bí mo ṣe ń tì í ni mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sídìí pépà yẹn, ti wú, ó ti ń fara ha irin inú ẹ̀. Mo tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá mo ṣì gbọ́ ni. Kẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Sìpíkà tó ti ń ké nílé yìí káwọn ọmọ mi tó dáyé, tí kò lálèébù kankan, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló fi bà jẹ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá kan tó ti ń tún rédíò ṣe látayé rédíò onífáàfù. Kò tiẹ̀ tíì tú sìpíkà tó fi bi mí pé prí-áńpù wo ni mo ń lò. Mo sọ fún un. Ó ní, "Àbúrò, fáàfù ò níkánjú, áńpù ẹ ló níkánjú." Ó wá ṣàlàyé fún mi. Inú prí-áńpù onífáàfù, fólítì tó tó 200, 300 ló wà lórí fáàfù, DC sì ni, ìyẹn iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo. Kápásítọ̀ kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń dí DC yẹn lọ́wọ́ kó má bàa jáde, orin nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n tí fólítì yẹn bá ń lọ sókè tàbí tó ń já wálẹ̀ lójijì, kápásítọ̀ ò mọ̀ pé kì í ṣe orin, á jẹ́ kó kọjá, áńpù á sì sọ ohun tó gbà di ìlọ́po ogún sí ọgbọ̀n, á jù ú sí wúfà. Áńpù transistor lè ní rìléè tiẹ̀, ìyẹn swíìṣì tó ń ṣí tó sì ń tì fúnra ẹ̀, tó ń dáàbò bo sìpíkà, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni rìléè yẹn máa ń dúró kó tó ṣílẹ̀kùn. Fáàfù máa ń lò tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó gbóná dáadáa. Nígbà tí wàhálà fáàfù bá fi máa jáde, ilẹ̀kùn áńpù ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tó bá sì wá jẹ́ pé ńṣe ni iná ń ṣẹ́jú bíi ti Sọ́ńdè yẹn, rìléè lè má tiẹ̀ tíì tì kí iná tó padà dé.

Sítábíláísà mi wà níbẹ̀ o, kẹ́nikẹ́ni má ṣe bi mí. Fólítì ló ń tún ṣe, kì í ṣe òun ló ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ tàn.

Wúfà ti padà dé, wọ́n ti wé kọ́ìlì míì sí i, ó ń ké.

Ohun tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyí: prí-áńpù onífáàfù ni kó kọ́kọ́ tàn, áńpù ni kó tàn kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, áńpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, kẹ́ ẹ tó pa prí-áńpù. Àwọn kan á ní ṣebí èèyàn lè máa fọwọ́ pa á tí iná bá ti lọ, mo wà níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sáré tó NÉPÀ. Nǹkan tó gbà mí ni fridge guard, èyí táa fi ń ṣọ́ fíríìjì yẹn gan-an. Áńpù ni mo ki bọ inú ẹ̀, prí-áńpù wà lójú iná lọ́tọ̀. Tí iná bá ṣẹ́jú báyìí, fridge guard á já áńpù kúrò lójú ẹsẹ̀, tí iná bá dé, á dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó fún áńpù níná, fáàfù á ti gbóná tán, fólítì inú ẹ̀ á ti fara balẹ̀. Ẹ kàn wo ẹ̀yìn áńpù yín kẹ́ ẹ rí i pé iná tó ń fà ò ju èyí tí fridge guard yín lè gbé.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, ẹ wá èyí tó ní rìléè tó ń pa ohùn mọ́ títí fáàfù á fi gbóná. Mo mọ̀ pé ó máa ń wọ́n sí i. Tẹ́ ẹ bá ti ní èyí tí kò ní, injíníà tó mọ fáàfù lè fi kún un. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wá ṣí i fúnra yín o, ẹ jọ̀ọ́, kápásítọ̀ inú ẹ̀ lè tọ́jú fólítì 300 yẹn pamọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ kúrò lójú iná, ó lè pààyàn.

Tẹ́ ẹ bá ní íńfátà, pure sine wave ni kẹ́ ẹ lò, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti NÉPÀ, èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń kùn sínú sìpíkà. Mo tiẹ̀ ti gbé prí-áńpù tèmi sórí íńfátà báyìí kó má bàa mọ̀ nígbà tí NÉPÀ bá ń ṣe tiẹ̀. Kì í jẹ iná púpọ̀: 12AX7 kan, fólítì 6.3 àti 0.3 amp ló fi ń gbóná, mẹ́rin wọn ò pé wọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n íńfátà náà lè gbẹ lóru, ìdí nìyẹn tí mi ò fi yọ fridge guard kúrò.

Nǹkan míì tẹ́ ẹ máa wò ni bí prí-áńpù àti áńpù ṣe bára wọn mu. Ti pé ó lágbára kọ́ ni kẹ́ ẹ máa lé, CD tiẹ̀ ti ń gbé fólítì 2 jáde fúnra ẹ̀, tí prí-áńpù bá tún sọ ọ́ di ńlá, díẹ̀ lẹ máa yí fólúùmù tí ilé á ti fẹ́ wó, ohùn fáàfù tó ń ṣe "ṣìì" lẹ́yìn orin á sì máa jáde. Ẹ wá wo input impedance áńpù yín, ìyẹn bí ẹnu ọ̀nà áńpù ṣe ń dí iná orin tó ń wọlé lọ́wọ́ tó, ẹ̀yin tó ń lo áńpù transistor. Tó bá jẹ́ 10k ohm, tí kápásítọ̀ ẹnu ọ̀nà prí-áńpù jẹ́ 0.22 máíkírófáráàdì péré, ohùn ìsàlẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ láti bíi 72 Hz lọ sísàlẹ̀. Agídìgbo lẹ máa pàdánù yẹn. Kí ló wá kù nínú àpàlà?

Àwọn kan máa ń rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni 12AX7 ní, mẹ́sàn-án náà ni irú fáàfù míì tó ń jẹ́ 6DJ8 ní, wọ́n á fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ má dán an wò, ibi tí iná tó ń mú wọn gbóná ń gbà wọlé ò rí bákan náà. Tí fáàfù bá ń dún bí agogo nígbà tẹ́ ẹ bá fi pẹ́ńsù kàn án díẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé prí-áńpù jìnnà sí sìpíkà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku lára wọn, tí wọ́n bá ti tutù.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyẹn, ẹ má gbàgbé ti ẹni tó máa kọ́kọ́ tàn. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà, ẹ ní kó tan prí-áńpù náà lójú yín pẹ̀lú áńpù àti sìpíkà tí kò wọ́n, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀, èyí tó bá ní rìléè, ẹ máa gbọ́ "tá" kékeré kan látinú ẹ̀ lẹ́yìn bí ìdajì ìṣẹ́jú, orin á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lójú iná lójijì, ẹ tún ki i bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa wo wúfà. Tó bá yọrí síta, ẹ má sanwó. Tí wọ́n bá ní kò síná ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tàbí kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ tí iná bá wà.