Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló ń gba béèlì ẹjọ́ ńlá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ lọ́yà

"Lọ́yà, ẹ ṣáà bá wa bẹ adájọ́." Kò sí ẹbí ẹni tí wọ́n mú lórí ẹ̀sùn ńlá tí kì í sọ ọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ìwé ló ń gba béèlì. Adájọ́ kò mọ ọmọ yín rí. Ohun tó bá wà nínú fáìlì níwájú rẹ̀ ni yóò fi pinnu bóyá ọmọ náà yóò padà wá jẹ́jọ́.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìyà tó wà nídìí ẹ̀sùn náà. ACJA ọdún 2015 (Administration of Criminal Justice Act, òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn) ni òfin tí àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ń lò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, nítorí náà kí lọ́yà yín yẹ ti ìpínlẹ̀ yín wò. Nínú ACJA, tí ẹ̀wọ̀n ẹ̀sùn náà bá ju ọdún 3 lọ, abala 162 ní kí ilé-ẹjọ́ fúnni ní béèlì, àyàfi tí ìdí gúnmọ́ bá wà láti gbà pé olùjẹ́jọ́ yóò sá, yóò tún dá ọ̀ràn mìíràn, yóò dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí tàbí yóò ba ẹ̀rí jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀sùn tí ikú ni ìyà rẹ̀, bí ìpànìyàn, abala 161 ló kàn yín: adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè fúnni ní béèlì, ó sì gbọ́dọ̀ rí ìdí àrà ọ̀tọ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ má náwó lórí béèlì ìpànìyàn ní kóòtù Májísíréètì. Ohun tí Májísíréètì lè ṣe ni kó ní kí wọ́n fi afurasí sí àhámọ́ fún ọjọ́ 14, kó sì tún un ṣe tí ọlọ́pàá bá mú ìdí tó dára wá. Ẹ máa ka ọjọ́ náà o, torí òfin fi òpin sí i, ẹ kò sì ní láti dúró kí ó tó pé kí ẹ tó gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ.

Àìsàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé wá gẹ́gẹ́ bí ìdí àrà ọ̀tọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kùnà jù. Lẹ́tà ilé ìwòsàn aládàáni tó kàn sọ pé "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru" kò tó. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ni òfin ní kó fọwọ́ sí i, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ibi tí wọ́n tì í mọ́ kò ní ohun tí wọ́n lè fi tọ́jú àìsàn náà. Kí ìwé náà dárúkọ àìsàn, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì àyẹ̀wò, àti irú ìtọ́jú tó nílò. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Mohammed Abacha, ọmọ ọ̀gágun Sani Abacha, ní 2002 pé kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló yẹ fún béèlì. Ìdí kejì ni ìfàsẹ́yìn tó ju ọdún kan lọ. Ẹ to ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ: ọjọ́ tí wọ́n mú un, ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé kóòtù, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, àti ẹni tó fà á. Tó bá jẹ́ lọ́yà yín ló ń tọrọ ọjọ́ mìíràn ṣáá, ọ̀rọ̀ náà kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìwé ìbúra (affidavit), ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ tó sì búra sí, ni ọkàn ìwé tí ẹ fi ń tọrọ béèlì. "Olùjẹ́jọ́ kò ní sá" kò sọ nǹkan kan fún adájọ́. Ẹ wo èyí: "Ilé kan náà ló ti ń gbé láti ọdún 2009 pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n pè é sí àgọ́ nígbà tó wà lórí béèlì ọlọ́pàá, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ló yọjú." Adájọ́ lè di èyí mú. Abala 115 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 kò gba àríyànjiyàn nínú ìwé ìbúra. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó búra, ó ní láti dárúkọ onítọ̀hún, kó sọ ìgbà àti ibi tó ti gbọ́ ọ. Ẹ so ìwé ẹ̀sùn àti àkójọ ẹ̀rí olùpẹjọ́ mọ́ ọn. Bí agbára ẹ̀rí ṣe tó wà lára ohun tí adájọ́ ń wò, tí kò bá sì rí ẹ̀rí náà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé kò lágbára?

Olùpẹjọ́ náà yóò mú ìwé ìbúra tirẹ̀ wá. Ẹ dáhùn rẹ̀ ní ìlà dé ìlà, torí ohun tí ẹ kò bá já, ilé-ẹjọ́ lè kà á sí pé ẹ gbà á. Tó bá ní olùjẹ́jọ́ halẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí, ẹ béèrè pé ẹlẹ́rìí wo, ọjọ́ wo, níbo? Ẹ̀yin ẹbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má lọ sílé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àní kó jẹ́ láti lọ dọ̀bálẹ̀. Lójú yín, ẹ lọ tu ìdílé nínú ni. Nínú ìwé olùpẹjọ́, ẹ lọ dí ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ ni.

Tí wọ́n bá fọwọ́ sí béèlì, abala 165 ní àdéhùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Tó bá wúwo, ẹ padà sọ́dọ̀ adájọ́ náà kó dín in kù. Ẹ ti kó ìwé onídùúró jọ ṣáájú: ìwé owó orí ọdún 3, ìwé ilẹ̀, fọ́tò, àdírẹ́sì tí òṣìṣẹ́ kóòtù lè lọ bá. Obìnrin lè ṣe onídùúró. Òfin kò gbà kí wọ́n kọ̀ ọ́ torí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹ jìnnà sí onídùúró tí wọ́n ń háyà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, torí ìwé ayédèrú lè sọ béèlì náà di asán.

Tí adájọ́ bá kọ̀, ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà lọ́jọ́ náà, kí ẹ ka ìdí tó fi kọ̀. Ẹ lè gba ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, tàbí kí ẹ padà wá nígbà tí nǹkan tuntun bá ṣẹlẹ̀. Kí lọ́yà yín sì tọrọ pé kí wọ́n yára gbọ́ ẹjọ́ náà gan-an.