Káàdì mi ò ṣílẹ̀kùn mọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ kóòṣì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń di kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí, torí àwọn tó ń wọ súùtù lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o. Graduate assistant ni mo fi wọlé, ìyẹn ni pé ò ń ka másítà lọ́wọ́, o sì tún ń ṣe iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ ṣe. Mo gé fídíò àwọn gémù tá a ti gbá títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, mo fọ jẹ́sì, mo lọ ń gbé àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa ní airport láago méjì òru. Màámi bi mí lórí fóònù pé ṣé aṣọ fífọ̀ náà ni mo bá lọ, mi ò rí èsì fọ̀.

Ìyẹn ò tiẹ̀ le. Èyí tó le ni pé ọrùn ẹlòmíì niṣẹ́ ẹ rọ̀ mọ́. Ọdún kẹta tí mo di assistant, ìyẹn igbákejì kóòṣì, sísìn wa, ìyẹn ìdíje ọdún yẹn, ò dáa, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta mo dé ẹnu ilẹ̀kùn jíìmù, mo fi káàdì kan ẹ̀rọ, iná pupa. Mo nù ún lára ṣòkòtò, mo tún fi kàn án, iná pupa. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, òun náà ló sọ fún mi pé wọ́n ti lé ọ̀gá, ìyẹn kóòṣì àgbà wa. Ọ̀gá ṣì máa gba owó tó kù nínú kọ́ntíráàtì ẹ̀, àwa ìsọmọ̀gbè ńkọ́? Ó dàbọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo sì fọwọ́ síwèé ilé tí mo rà. Ẹni bá sun orí ẹní ẹlẹ́ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sùn.

Ẹ má wo ti Mike Krzyzewski o. Ó di kóòṣì yunifásítì Duke lọ́dún 1980, sísìn 3 àkọ́kọ́ ó wín gémù 38, ó pàdánù 47, wọ́n ń pariwo pé kó máa lọ, ọ̀gá ẹ̀ kọ̀, ó tún fi kún kọ́ntíráàtì ẹ̀. Ìgbà tó máa fẹ̀yìn tì lọ́dún 2022, ife NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, 5 ló ti gbà. Ta ló ń ní irú sùúrù yẹn mọ́? Láti 2021 tí ọmọ ti lè kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíì láì kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ fún ọdún kan, ọmọ tó o fi ọdún 2 wá kiri kó lè wá gbá bọ́ọ̀lù fún ẹ, tó o ti jẹun nílé ìyá ẹ̀, ó lè lọ mọ́jú. Má bá a jà, ṣáà máa kí màmá ẹ̀.

Èmi wọ súùtù kan ṣoṣo tí mo ní, mo gba ibi Final Four lọ, ìyẹn ìparí ìdíje NCAA tó bá ku tíìmù mẹ́rin, níbi táwọn kóòṣì ti ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn. Kí ẹ wá wo lọ́bì òtẹ́ẹ̀lì! Àgbà ọkùnrin, wọ́n ń yọ́jú bí ẹni ń retí ọkọ̀, gbogbo wa ń díbọ́n pé ẹnì kan là ń dúró dè. Ẹni tó fà mí lọ́wọ́ níbẹ̀, kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ni, tí mo máa ń pè padà tó bá ti pè mí, kódà nígbà tí ò ní agbábọ́ọ̀lù kankan tó máa fún mi. Ó ní "Ìwọ lo máa ń pè mí padà," ló bá mú mi lọ bá ẹni tó ń wá assistant.

Ilé tí mò ń gbé báyìí, mo háyà ẹ̀ ni. Ìyàwó mi ní ká rà á, mo ní kó jẹ́ kí sísìn yìí parí ná.